Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Ẹrù Náà Palẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí ‘Miscellaneous’ àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀yin ará wa ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti apẹja, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ń san owó ẹgbẹ́ láìjáfara, bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ lójoojúmọ́, ẹ mú ìwé ìṣirò owó ìjọba èyíkéyìí tí ó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ máa fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ óò rí owó epo ọkọ̀ ní àyè tirẹ̀, owó iná mànàmáná ní àyè tirẹ̀, owó ìrìn-àjò ní àyè tirẹ̀. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ parí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan yóò pàdé yín: ‘miscellaneous’. Níbòmíràn, ‘sundry’ ni wọn yóò kọ. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, ‘others’. Iye owó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà gbangba, ṣùgbọ́n ohun tí a fi owó náà ṣe kò sí níbẹ̀.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí kò lọ́jú pọ̀. Àdàlù tí kò bá sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò yẹ nínú ìwé owó ará ìlú. N kò bá èdè Gẹ̀ẹ́sì jà. Òun ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ìwé míṣọ́nnì, òun ni òfin ilẹ̀ wa fi ń sọ̀rọ̀, àǹfààní rẹ̀ kò sì kéré. Ohun tí mo ń bá jà ni àṣà kí a máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹni tí ó ni owó má baà lè béèrè ohun tí a fi ṣe. Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún àdàlù, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa máa ń jẹ́ kí a mọ irú àdàlù tí a ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ti bù wọ́n, ìkòkò náà kì í sì í sábà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. ‘Hotchpotch’, tí wọ́n fi ń pe ohun tí a dà rú mọ́ ara wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé ni ó ti wá. Ọbẹ̀ ni, ẹran àti ewébẹ̀ tí a jọ sè pọ̀. ‘Gallimaufry’ àti ‘salmagundi’, ọ̀dọ̀ Faransé náà ni wọ́n gbà kọjá; oúnjẹ tí a fi ẹran gígé sè ni àwọn méjèèjì. ‘Pot-pourri’, tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi pe àkójọ orin tàbí àkójọ ìwé, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ní èdè Faransé ni ìkòkò tí ó rà. Orúkọ ọbẹ̀ kan tí àwọn ará Spéènì ń sè ni wọ́n yí sí èdè tiwọn bẹ́ẹ̀. ‘Farrago’ ni kò tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ènìyàn: èdè Látìnì ni, ọkà oríṣiríṣi tí a dà pọ̀ fún ẹran ọ̀sìn jẹ. ‘Miscellaneous’ fúnra rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan tí ó túmọ̀ sí láti po nǹkan pọ̀ ni ó ti jáde.

Kì í ṣe láti fi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ṣe ka ìwọ̀nyí sílẹ̀, nítorí kò sí èdè tí kì í yá ọ̀rọ̀ lò. Mo kà wọ́n kí ẹ lè rí ohun kan. Nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà ní ilé ìdáná, ẹni tí ń sè mọ ohun tí òun ń kó sínú ìkòkò. Ó mọ irú ẹran, ó mọ ìwọ̀n iyọ̀, ó sì lè dáhùn bí ẹni tí ń jẹun bá béèrè. Ìgbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ìdí ààrò lọ sí ọ́fíìsì ni ìmọ̀ yẹn sọnù. Ìkòkò wà, ìdérí rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n a kò rí alásè mọ́.

Síbẹ̀, àwọn amòfin Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí ṣe iṣẹ́ rere. Nínú òfin wọn, ‘hotchpot’ ni ohun tí a ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ pín ogún dọ́gba: ọmọ tí bàbá ti fún ní nǹkan nígbà ayé rẹ̀ yóò mú iye ohun náà wá sínú ìṣirò, a ó kà á mọ́ ìyókù, lẹ́yìn náà ni a ó tó pín in. Ẹ ṣàkíyèsí pé àdàpọ̀ yìí kò lè ṣeé ṣe bí a kò bá dárúkọ ohun kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì rí. Ara ọ̀rọ̀ Látìnì kan, ‘omnibus’, ni a ti gé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘fún gbogbo ènìyàn’. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lọ sí Kétu mọ̀ pé lóòótọ́ ni ó gba gbogbo ènìyàn, aláàárù pẹ̀lú tíṣà, aláta pẹ̀lú akọ̀wé. Ṣùgbọ́n kọ̀ndọ́kítọ̀ mọ ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ ní Àgríìkì, ó mọ ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ ní Mile 12, ó sì mọ ẹni tí kò tíì san owó. Kò sí kọ̀ndọ́kítọ̀ tí yóò dé ibùdókọ̀ kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé èrò oríṣiríṣi ni òun gbé, nítorí náà kí ó má béèrè iye.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti agbègbè ọ̀sà, ta ni kò mọ ìkọ́kọrẹ́? Ewùrà tí a rin ni, pẹ̀lú epo pupa, ata, ẹja gbígbẹ àti edé. Àdàlù ni, ṣùgbọ́n bí a bá pe ìkọ́kọrẹ́, ọmọdé mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Bí ìyàwó ilé kan bá sì yọ ẹja kúrò, àwọn tí ń jẹun kò ní dákẹ́. Àdàlú tí ẹlẹ́wà ń tà, ẹ̀wà àti àgbàdo ni. Bí ó bá fi nǹkan mìíràn rọ́pò àgbàdo, orúkọ mìíràn ni yóò wá fún un. Ẹ wo ìsọ̀ lékulẹ́jà nínú ọjà: egbò igi, èèpo igi, èso gbígbẹ, orí ẹranko, ìkarahun, iyọ̀ òkúta, gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ kan náà. Àlejò yóò rò pé rúdurùdu lásán ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ wí fún ìyá tí ó jókòó síbẹ̀ pé àgbo báyìí ni ẹ fẹ́ sè. Ọwọ́ rẹ̀ yóò máa lọ láti ibi kan sí òmíràn, yóò sì máa pe ohun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ bí ó ti ń gbé e sílẹ̀ níwájú yín.

Ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹja ọ̀sà àti ẹran ìgbẹ́ ti ń wọ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, bí ẹ bá tẹ̀ mọ́ igbá ẹlẹ́ja kan, ẹ óò bá àrọ̀, ẹ óò bá ẹ̀pìyà, ẹ óò bá ọ̀bọ̀kún, edé àti akàn. Òyìnbó lè pe igbá náà ní ‘assorted fish’, kò sì purọ́. Ẹlẹ́ja kò ní pè é bẹ́ẹ̀, nítorí owó àrọ̀ kì í ṣe owó ẹ̀pìyà, ẹni tí ó bá sì pò wọ́n pọ̀ lórúkọ yóò pàdánù nínú èrè. Bákan náà ni àwọn alápatà wa. Bùkátéríà ti kọ́ wa láti máa béèrè ‘assorted’, ṣùgbọ́n nígbà tí àwo bá délẹ̀, olúkúlùkù ń wá ṣàkì rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀, fùkù rẹ̀, àbọ́dí rẹ̀. A kò gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọ́ lórí ẹran tí a fi owó wa rà.

Ẹ tún wò ó pé ọ̀rọ̀ tiwa máa ń sọ bóyá àdàlù náà dára tàbí kò dára. Bí a bá sọ pé nǹkan jẹ́ ọ̀kan-ò-jọ̀kan, a ń sọ pé ohun kọ̀ọ̀kan dá dúró, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó yóò rí i pé wọ́n yàtọ̀ síra. Bí a bá pe ọjà ní wọ́sìwọ́sì, a mọ̀ pé ohun kéékèèké ni, owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá pè é ní àmúlùmálà, a ti dá ẹjọ́ pé ohun tí kò yẹ kí ó pàdé ni wọ́n pò pọ̀. Bí a bá sì pè é ní rúdurùdu, a ń béèrè fún ẹni tí yóò tò ó. ‘Miscellaneous’ kò sọ ọ̀kankan nínú gbogbo èyí fún wa. Kò sọ bóyá ó kéré tàbí ó pọ̀, bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, bóyá ó ṣeé kà tàbí kò ṣeé kà. Ìdí nìyí tí ó fi dùn mọ́ ẹni tí ó ní nǹkan láti fi pamọ́.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àti ẹja lásán ni mo ń sọ, kí ó rántí pé ọ̀rọ̀ àdàlù kan ni wọ́n fi dá orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. ‘Amalgamation’ ni ọ̀rọ̀ náà. Ní 1906 ni wọ́n kọ́kọ́ fi da Ìlú Èkó àti àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1914, Lugard fi da Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń yọ́ irin ni. Àwọn tí ń wa wúrà máa ń po wúrà wẹ́wẹ́ mọ́ mẹ́kúrì, irin kan tí ń ṣàn bí omi, kí ó lè kó wúrà jọ. Lẹ́yìn náà wọn a fi iná sí i, mẹ́kúrì a fẹ́ lọ, wúrà a kù sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Ní ọdún wọ̀nyẹn, owó ìrànwọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba Àríwá fi ń gbé ara rẹ̀ ró, nígbà tí owó ibodè tí wọ́n ń gbà ní etíkun ń mú kí àpò Gúúsù kún. Ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí tí wọ́n fi ṣe ìdàpọ̀ náà ni kí àpò kan lè gbọ́ bùkátà èkejì, kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè sinmi owó sísan. Wọn kò bi àgbẹ̀ Ìmọ́tà léèrè, wọn kò sì bi àgbẹ̀ Kánò. N kò sọ èyí láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará Àríwá, nítorí àwọn náà kò mọ̀ sí i. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá tí ń pe ara rẹ̀ ní ìdàpọ̀, ọ̀rọ̀ owó ni ó wà.

Àwa ará ìhín mọ irú ìdàpọ̀ mìíràn. Ìtàn Ìkòròdú sọ pé Oko Odù ni orúkọ ìlú náà ti wá. Àwọn tí ó ti Rẹ́mọ wá wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti Bìní wá wà níbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì lè sọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti ṣí wá. Ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀ dó sí àárín àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní 1854 ó bá aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Campbell, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 ó padà sí Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò padà mọ́. Títí di òní olónìí, a ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, a sì ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, ọdún Kayokayo sì wà láti máa rántí bí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣe gúnlẹ̀. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pa orúkọ ẹnì kejì rẹ́.

Ìpínlẹ̀ wa pàápàá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Láti 1954 ni wọ́n ti yọ Ìlú Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, tí Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìkẹjà àti Àgbádárìgì sì wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 1967, wọ́n kó gbogbo wọn jọ di Ìpínlẹ̀ Èkó, ní 1968 wọ́n sì pín in sí ẹ̀ka márùn-ún. Àwọn ènìyàn wa kò pe àkójọ náà ní ‘miscellaneous divisions’. Wọ́n mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ìwé ìjọba: Ikeja, Badagry, Ikorodu, Lagos, Epe, ó di IBILE, ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ní èdè wa, ohun tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ ẹni. Bí ẹ bá yọ lẹ́tà Ìkòròdú kúrò, tàbí ti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣeé pè mọ́. Èyí ni mo fi ń sọ pé a lè da ohun púpọ̀ pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kankan nínú wọn sọnù.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ìwé owó wa kò rí bẹ́ẹ̀? Nínú àtòjọ àkántì tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣe ìwé ìsúná rẹ̀, ìsọ̀rí kan wà tí wọ́n pè ní ‘Miscellaneous Expenses’. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó sábẹ́ rẹ̀: oúnjẹ àti ìpanu, owó ìjókòó ìpàdé, ìpolówó, owó ìtọ́jú àìsàn, owó ìfìwéránṣẹ́, eré ìdárayá. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò ní orúkọ tirẹ̀? Kí ni ó pa oúnjẹ àlejò pọ̀ mọ́ oògùn aláìsàn? Nígbà tí wọ́n bá tẹ ìwé náà ní kíkún, ènìyàn lè wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gé e kúrú fún ará ìlú, orí ìsọ̀rí nìkan ni yóò kù, àgbẹ̀ tí ó sì ń wò ó kò ní mọ èyí tí ó lọ sí ilé ìwòsàn àti èyí tí ó lọ sí inú abọ́.

Ìkòkò kan tún wà tí ó tóbi jù ú lọ. Ìpín 162 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkántì àpapọ̀ kan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni owó tí ó jẹ́ ti Ìkòròdú, ti Ẹ̀pẹ́ àti ti àwọn yòókù ti ń pàdé kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó tí ó ti pàdé nínú ìkòkò kan kì í rọrùn láti yà sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa lọ tààrà sí ọwọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá dé tààrà sí káńsù, tí káńsù fúnra rẹ̀ sì kọ ‘miscellaneous’ sí i, kí ni a jèrè? A kàn yí ìkòkò padà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ ẹni tí ń san owó pẹ̀lú. Ní 1998, ìjọba ológun ìgbà náà ṣe òfin kan tí ó ka owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan; ogún ni wọ́n, 20 géérégé. Owó ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó ibi ìpẹran, owó kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti bárò, títí dé owó pátákó ìpolówó. Òfin kan náà sì ka dídí ojú ọ̀nà láti gba owó léèwọ̀. Mo yin òfin náà fún ohun kan: kò sí ‘sundry’ nínú ogún náà. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ kan bá di gàrí rẹ̀ láti Agbówà, tí ẹnì kan dá a dúró, tí ó sì já ìwé fún un tí a kọ ‘sundry levy’ sí, kí àgbẹ̀ náà mọ̀ pé owó tí kò ní orúkọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun. Owó tí kò bá sì ní orúkọ, ta ni yóò jíhìn rẹ̀?

Mo ti jókòó rí nínú ìpàdé kan, n kò ní dárúkọ ibẹ̀, tí akápò ń ka ìṣirò ọdún sí wa létí. Ohùn rẹ̀ ròkè nígbà tí ó ń ka owó bẹ́ǹṣì àti owó ìwé. Nígbà tí ó dé ‘miscellaneous’, ó kà á kíákíá bí ẹni tí ń fo kòtò, ó sì ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Owó tí ó wà níbẹ̀ ju owó bẹ́ǹṣì àti ìwé lápapọ̀ lọ. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò ka ìwé rí, tí ó jẹ́ apẹja, ni ó na ọwọ́ sókè. Ó ní, ‘Ọmọ mi, èyí tí o pè kẹ́yìn yẹn, ṣé ẹja ni àbí ẹran?’ Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n akápò kò rí èsì fọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí bí a ṣe lè ka gbogbo nǹkan tán, pé owó abẹ́rẹ́ àti owó ìṣáná kò yẹ kí ó gba ìlà kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí nìyí tí mo fi rán yín létí ọ̀rọ̀ wọ́sìwọ́sì. Kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan dá iye kan tí wọ́sìwọ́sì kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kí ohunkóhun tí ó bá kọjá iye náà gba orúkọ tirẹ̀. Kí wọ́n sì so àkójọ àwọn kéékèèké náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Alájọ tí ń ká ojúlé kiri nínú ọjà ń ṣe é lójoojúmọ́ lórí káàdì kékeré. Kò sí ìdí tí ọ́fíìsì tí ó ní kọ̀ǹpútà kò fi ní lè ṣe é.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Èkó jẹ́ ibi tí oríṣiríṣi ènìyàn ń gbé, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a lè fi ṣe ìṣirò níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kejìlá 1999, nígbà tí wọ́n dá a lábàá pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó máa fi Yorùbá jíròrò, ilé náà kọ̀ ọ́. Ìdí tí a gbọ́ ni pé ìlú tí gbogbo ènìyàn pàdé sí ni Èkó, àti pé lílo Yorùbá yóò bu ọgbọ́n orí àwọn aṣòfin kù. Bẹ́ẹ̀ ni Ìpín 97 ìwé òfin ọdún kan náà gbà wọ́n láàyè láti fi èdè mìíràn tí a ń sọ ní ìpínlẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí a fi kún un; kò ní kí a lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Àwọn aṣòfin tí ó dé lẹ́yìn wọn ronú padà: wọ́n ṣe òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́, Gómìnà Ambode, tí í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́, sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì 2018. Bí èdè wa bá yẹ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ fún ìwé owó. Ẹ̀gùn tí ó wà ní Àgbádárìgì, Ìgbò àti Haúsá tí ó wà nínú ọjà wa, kò ní àǹfààní kankan nínú ọ̀rọ̀ tí òun náà kò lóye. Níbi tí oríṣiríṣi ènìyàn bá ti ń san owó sínú àpò kan, níbẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ kí ìṣirò ṣe kedere jù.

Kí ni kí a wá ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lo òfin tí ó wà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹni tí kò mọ̀wé kò gbọ́dọ̀ rò pé òfin náà kò kan òun: ó lè rán ẹlòmíràn, bí ó bá sì fi ẹnu béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ọ̀ràn kàn, òṣìṣẹ́ náà ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, láti Ìjẹ̀dé dé Ejìnrìn, yan ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó mọ ìwé kọ, tí yóò máa bá àwọn àgbẹ̀ àti apẹja kọ ìbéèrè wọn láìgba kọ́bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìpolongo, mo ń dá a lábàá ní gbangba yìí pé kí ìwé owó ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀, ní wọ́ọ̀dù, ní ìjọba ìbílẹ̀ àti ní òkè, di èyí tí a ń kà ní èdè Yorùbá ní ìpàdé, kí ‘miscellaneous’ sì di ohun àwátì nínú rẹ̀. A kò lè máa bi ìjọba léèrè ohun tí àwa kò lè dáhùn. Bí olùdíje kan bá wá bẹ̀ wá fún ìbò, ẹ má ṣe béèrè iye ọ̀nà tí yóò ṣe nìkan. Ẹ bi í bóyá yóò tẹ ìṣirò owó rẹ̀ sí ojú pátákó káńsù ní èdè tí ìyá ẹlẹ́ja lè gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ka ohun tí a kọ sórí rẹ̀ kí ẹ tó fi í sápò. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ gbé e fún ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé. Bí a bá kọ orúkọ owó náà sí i, ẹ san án, nítorí ìlú kò lè dúró láìsí owó. Bí ó bá sì jẹ́ ‘sundry’ ni ẹ rí níbẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀, kí ẹ sì dúró gba èsì. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.